Ọkọ̀ Ìjàpá Kan ní Ìbàdàn àti Ẹni Tí Ó Ń Tọ́jú Rẹ̀

Bí ènìyàn bá rin àwọn àdúgbò àtijọ́ ní Ìbàdàn, láti Òkè-Àdó dé Mọ́lété, láti Òkè-Bọ́là dé Agbókòjò, kò ní ṣàì rí wọn: àwọn ọkọ̀ tí wọ́n gbé lé òkúta lẹ́yìn ilé, tí táyà wọn ti jẹrà, tí koríko ti gba abẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì wọn yọ jáde, tí adìyẹ sì ń yé sí orí àga wọn. Láti ìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo bẹntiróòlù ní ọjọ́ 29 oṣù Karùn-ún ọdún 2023 ni irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ ti ń pọ̀ sí i. Epo tí wọ́n ń ta lítà kan rẹ̀ ní iye tí kò pé 200 náírà ní ilé-epo ìjọba kí ó tó di ìgbà náà ti kọjá 1,000 náírà kí ọdún 2024 tó parí. Ẹni tí ó ní ọkọ̀ méjì pa ọ̀kan tì, ẹni tí ó ní ẹyọ kan kọ́ bí wọ́n ṣe ń dúró de Máíkírà ní etí títì. Àwọn tí ń ra irin àlòkù kiri náà kò sùn. Wọ́n mọ ilé tí ọkọ̀ ti kú sí, wọ́n sì mọ ilé tí ó ti fẹ́ kú sí.

Ní irú àsìkò yìí, olùkọ́ kan tí ó ti fẹ̀yìn tì ní Òkè-Àdó ṣì ń wa ọkọ̀ Volkswagen tí ó rà ní ọdún 1979. Ìjàpá ni Yorùbá ń pe irú ọkọ̀ náà, nítorí pé ó rí rọ̀bọ̀tọ̀, ẹ̀yìn rẹ̀ sì tẹ̀ kọdọrọ bí ìkarahun ahun. Àwọ̀ ọsàn tí ó pọ́n ni àwọ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọdé àdúgbò mọ ìró rẹ̀ kí ó tó yọ ní kọ̀rọ̀, wọn a sì máa kígbe pé, “Bàbá Oníjàpá ti dé o!” Ó ti lé ní àádọ́rin ọdún. Ẹ̀kọ́ nípa ilẹ̀ ayé, èyí tí gbogbo ènìyàn mọ̀ sí jọ́gíráfì, ni ó fi ọdún mẹ́tàlélọ́gbọ̀n kọ́ àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ girama, ìṣe olùkọ́ kò sì tíì kúrò lára rẹ̀. Bí ènìyàn bá yà wo ọkọ̀ náà fún ìṣẹ́jú kan, yóò gba ẹ̀kọ́ ọgbọ̀n ìṣẹ́jú.

Kì í pa ìtàn ọkọ̀ náà mọ́, títí kan apá tí kò dùn-ún gbọ́ níbẹ̀. Ìtumọ̀ Volkswagen ní èdè Jámánì ni ọkọ̀ ará ìlú. Ìjọba Hitler ni ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ fún Ferdinand Porsche ní àwọn ọdún 1930, wọ́n sì ní kí àwọn òṣìṣẹ́ máa ra sítáǹbù díẹ̀díẹ̀ títí tí owó ọkọ̀ yóò fi pé. Àwọn tí ó dá owó náà lé ní 300,000. Kò sí ẹyọ ẹnì kan nínú wọn tí ó rí ọkọ̀ gbà, nítorí pé ogun dé, ilé-iṣẹ́ tí wọ́n kọ́ fún ọkọ̀ ará ìlú sì di ibi tí wọ́n ti ń ṣe ohun èlò ogun. Olùkọ́ náà a máa sọ pé àjọ tí alájọ gbé owó rẹ̀ sá lọ ni. Lẹ́yìn ogun, ní ọdún 1945, ọ̀gá ológun ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kan, Ivan Hirst, ni ó tún ilé-iṣẹ́ náà gbé dìde ní Wolfsburg. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kejì ọdún 1972, iye Ìjàpá tí wọ́n ti ṣe pé 15,007,034, ó sì borí ọkọ̀ Ford Model T tí ó ti di ipò iwájú mú láti ọjọ́ pípẹ́. Nígbà tí èyí tí ó kẹ́yìn jáde ní Puebla, ní ilẹ̀ Mẹ́síkò, ní ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 2003, iye wọn ti pé 21,529,464.

Ọdún 1975 ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá ní Ọ̀jọ́, ní ojú ọ̀nà Èkó sí Àgbádárìgì. Ọdún yẹn kan náà ni àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba gba àjẹsílẹ̀ owó tí àwọn ènìyàn ń pè ní Údójì. Bí owó Údójì ṣe ń wọ ilé ni ọkọ̀ ń wọ ilé. Láti Brazil ni wọ́n ti ń kó ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yà tí wọ́n ń tò ní Ọ̀jọ́ wá. Fusca ni àwọn ará ibẹ̀ ń pe Ìjàpá tiwọn, wọ́n sì ya ọjọ́ 20 oṣù Kìíní sọ́tọ̀ fún un lọ́dọọdún. Títí di òní, bí ẹ̀yà ọkọ̀ yìí kan bá di àwárí ní Géètì tàbí ní Ládipọ̀, Brazil ni àwọn oníṣòwò máa ń nawọ́ sí.

Olùkọ́ náà kò jẹ nínú Údójì, ó kéré sí i nígbà náà. Owó àyálò ni ìjọba fi ra ọkọ̀ fún un nígbà tí ó di ọdún mẹ́rin lẹ́nu iṣẹ́, wọ́n sì ń yọ ọ́ nínú owó oṣù rẹ̀ títí tí ó fi pé. Ọkọ̀ náà ni ó gbé ìyàwó rẹ̀ lọ bí ìbejì ní ọdún 1982. Ọkọ̀ náà ni ó gbé òkú ìyá rẹ̀ wá sílé, pẹ̀lú àga iwájú tí wọ́n yọ kúrò kí àyè lè gbà á. Ó ti sọ èyí fún ẹ̀ẹ̀kan, kò sì fẹ́ràn kí wọ́n bi òun léèrè lórí rẹ̀.

Ohun tí ó ya Ìjàpá sọ́tọ̀ sí ọ̀pọ̀ ọkọ̀ mìíràn ni pé ẹ̀yìn ni ẹ́ńjìnnì rẹ̀ wà, kò sì lo omi. Kò sí rédíétọ̀. Afẹ́fẹ́ ni ó ń mú un tutù: fáànù kan wà lókè ẹ́ńjìnnì náà tí ń fẹ́ atẹ́gùn sí orí sílíńdà mẹ́rin tí wọ́n dùbúlẹ̀, méjì lọ́tùn-ún, méjì lósì. Bẹ́ẹ̀tì ẹyọ kan ni ó ń yí dáínámò, ọ̀pá dáínámò yẹn náà ni fáànù sì so mọ́. Èyí ni ó mú kí iná pupa kékeré tí ó wà níwájú awakọ̀ yàtọ̀ sí ti ọkọ̀ mìíràn. Nínú ọkọ̀ olómi, bí iná bátìrì bá tàn, awakọ̀ lè rọra wà á dé ilé. Nínú Ìjàpá, bí iná náà bá tàn lójijì, ó lè jẹ́ pé bẹ́ẹ̀tì ti já, bí bẹ́ẹ̀tì bá sì já, kò sí atẹ́gùn kankan tí ń kan ẹ́ńjìnnì náà mọ́. Ìṣẹ́jú díẹ̀ péré ni ó kù fún un. Ọ̀pọ̀ Ìjàpá tí ó wà lórí òkúta lẹ́yìn ilé ní Ìbàdàn lónìí, iná pupa yìí ni ẹnì kan kò kà sí.

Ó ṣẹlẹ̀ sí olùkọ́ náà nígbà kan lẹ́bàá Ìkirè, ní ojú ọ̀nà Ilé-Ifẹ̀, ní ọ̀sán gangan. Iná pupa tàn. Kò tó ìṣẹ́jú kan tí ó fi yà sí etí ọ̀nà, ó pa ọkọ̀, ó sì dúró títí tí irin fi rọ̀ díẹ̀. Ó mú bẹ́ẹ̀tì tuntun jáde láti iwájú ọkọ̀, níbi tí àwọn ọkọ̀ yòókù ń fi ẹ́ńjìnnì sí, ó sì pààrọ̀ rẹ̀ pẹ̀lú sípánà kan àti síkúrúdíráfà kan. Àwọn ọlọ́jà tí ń ta dòdò Ìkirè yí i ká. Ọ̀kan nínú wọn béèrè pé ta ni ó kọ́ ọ níṣẹ́ mẹkáníìkì. Láti ọjọ́ náà ni bẹ́ẹ̀tì méjì ti máa ń wà nínú ọkọ̀ rẹ̀, kì í ṣe ẹyọ kan.

Ìtọ́jú ọkọ̀ náà kò ṣòro, ṣùgbọ́n kò gba ìgbàgbé. Ọ́ìlì lítà méjì ààbọ̀ péré ni ẹ́ńjìnnì náà ń gbé, ọ́ìlì kékeré yẹn sì ń ṣe iṣẹ́ omi mọ́ iṣẹ́ ọ́ìlì nínú oòrùn Ìbàdàn. Kò ní ohun asẹ́ bébà bí ti ọkọ̀ òde òní, àwọ̀n irin kan ni ó ní nísàlẹ̀, tí ènìyàn gbọ́dọ̀ yọ kí ó sì fọ̀. Nítorí náà ni olùkọ́ náà ṣe máa ń pa ọ́ìlì dà ní gbogbo 5,000 kílómítà, ìgbà mìíràn ṣáájú bẹ́ẹ̀. Ìwé kíkà aláwọ̀ búlúù kan wà lọ́wọ́ rẹ̀ tí ó kọ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan sí láti ọdún 1979: ọ́ìlì, púlọ́ọ̀gì, pọ́ǹtì, bàtà bíréèkì, táyà. Ojú-ìwé àkọ́kọ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ di erùpẹ̀. Ẹni tí ó bá ka ìwé náà láti òkè dé ìsàlẹ̀ yóò ka ìtàn náírà pẹ̀lú, nítorí pé iye tí ó ra nǹkan kọ̀ọ̀kan wà níbẹ̀.

Àwọn fáàfù ni ó fẹ́ràn jù. Wọ́n gbọ́dọ̀ wọn àlàfo tí ó wà lórí fáàfù kọ̀ọ̀kan nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù pátápátá, kí wọ́n sì tún un ṣe sí 0.15 mìlímítà. Bí àlàfo náà bá tóbi jù, ẹ́ńjìnnì á máa pariwo bí ẹni ń ta ayò. Bí ó bá kéré jù, kò ní pariwo rárá, fáàfù náà á sì jóná láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ìdí nìyí tí mẹkáníìkì rẹ̀ fi máa ń sọ pé Ìjàpá tí ń sọ̀rọ̀ sàn ju èyí tí ó dákẹ́ lọ. Sílíńdà kẹta ni ó máa ń gbóná jù lára irú ẹ́ńjìnnì àtijọ́ yìí, nítorí pé ohun tí ń mú ọ́ìlì tutù dúró sí ojú ọ̀nà atẹ́gùn tí ó yẹ kí ó kàn án. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá mẹkáníìkì kan mọ Ìjàpá, kí ó béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ èwo nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ó máa ń kọ́kọ́ kú.

Ohun tí ó ń bà á lẹ́rù ni iná. Ọdún mélòó kan sẹ́yìn, ó rí Ìjàpá aláwọ̀ funfun kan tí ń jó lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́. Olówó rẹ̀ jókòó sórí koríko, ó gbé ọwọ́ lérí, kò sí ohun tí ẹnikẹ́ni lè ṣe. Ìdí tí Ìjàpá fi ń jó kò farasin fún ẹni tí ó bá mọ̀ ọ́n. Họ́ọ̀sì kékeré kan wà lẹ́yìn, lára ọ̀nà tí epo ń gbà láti iwájú ọkọ̀ wá sí ẹ́ńjìnnì. Bí ọdún ti ń gorí ọdún, ooru ẹ́ńjìnnì á mú kí ó gbẹ, á là, epo á sì máa kán sórí ibi tí iná púlọ́ọ̀gì ti ń tàn. Òórùn bẹntiróòlù ni ó máa ń kọ́kọ́ dé. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló máa ń rò pé bí ọkọ̀ àtijọ́ ṣe ń rùn nìyẹn. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ọkọ̀ tí ń rùn epo ń jo epo. Olùkọ́ náà ń pààrọ̀ gbogbo họ́ọ̀sì yìí lọ́dọọdún, bí wọ́n bàjẹ́ bí wọn kò bàjẹ́, ó sì ní ohun ìpaná kan lábẹ́ àga iwájú.

Ìgbádùn rẹ̀ ńkọ́? Ọjọ́ Àbámẹ́ta ni, kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, nígbà tí kò sí Máíkírà púpọ̀ lójú títì. Ó á gba Mọ́lété jáde, á kọjá Chálẹ́ńjì, á sì forí lé Ìdí-Ayùnrẹ́ ní ojú ọ̀nà Ìjẹ̀bú-Òde. Ó á ṣí fèrèsé kékeré onígun mẹ́ta tí ó wà lára ilẹ̀kùn, á dorí rẹ̀ kọ ara rẹ̀, atẹ́gùn òwúrọ̀ á sì fẹ́ sí i láyà. Ìjàpá kì í sáré, kò sì sí ẹni tí ń retí pé kí ó sáré. Ní 70 kílómítà láàárín wákàtí kan, ìró ẹ́ńjìnnì rẹ̀ á dọ́gba, awakọ̀ á sì máa gbọ́ gbogbo ohun tí ń lọ lábẹ́ rẹ̀: jíà tí ó wọlé, òkúta tí táyà tẹ̀, èéfín tí ń jáde. Nínú ọkọ̀ òde òní, wọ́n ti dí gbogbo ìró wọ̀nyí. Àwọn kan ń pe èyí ní ìtura. Olùkọ́ náà ní kò yàtọ̀ sí kí ènìyàn máa bá ẹni tí kì í dáhùn sọ̀rọ̀. Bí ó bá dé Ìdí-Ayùnrẹ́, á ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà, á sì padà. Ìyàwó rẹ̀ a máa sọ pé ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó wọ́n jù lọ ní gbogbo ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ ni àwọn ń jẹ, bí wọ́n bá ro owó epo mọ́ ọn.

Òótọ́ sì ni ó sọ. Ẹni tí ó bá ní ọkọ̀ àtijọ́ ń dá owó dúró fún ẹni tí ó ni ín, ó ń tan ara rẹ̀ jẹ ni. Ìjàpá yìí ń jẹ lítà kan ní nǹkan bíi kílómítà mẹ́wàá, ọ̀pọ̀ ọkọ̀ kékeré òde òní sì ń ṣe ju bẹ́ẹ̀ lọ pẹ̀lú amúlétutù. Bíréèkì rẹ̀ kò lágbára tó ti òde òní. Kò sí àpò atẹ́gùn tí yóò gba àyà ènìyàn bí ìjàǹbá bá ṣẹlẹ̀. Iná iwájú rẹ̀ kò mọ́lẹ̀ tó lóru. Àwọn tí ó fẹ́ràn ọkọ̀ àtijọ́ kì í sábà sọ àwọn nǹkan wọ̀nyí jáde, ó sì yẹ kí wọ́n máa sọ ọ́.

Alẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Kẹsàn-án ọdún tí ó kọjá ni ọ̀rọ̀ náà di ọ̀rọ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ìyàwó rẹ̀ gòkè, orí ń fọ́ ọ, ojú rẹ̀ ń ṣú. Olùkọ́ náà gbé e sínú ọkọ̀, ó yí kọ́kọ́rọ́, ọkọ̀ náà dún kẹ́, ó sì dákẹ́. Ó tún yí i. Kẹ́. Òjò ń rọ̀. Aládùúgbò kan, ọ̀dọ́mọkùnrin tí ó ní Corolla tòkunbọ̀, ni ó gbé wọn lọ sí ilé-ìwòsàn. Orí ṣe é, ara ìyá náà balẹ̀, wọ́n sì padà sílé lẹ́yìn ọjọ́ méjì. Kò pariwo. Ó dúró títí tí wọ́n fi jẹun alẹ́ tán.

“Bàbá Ìbejì,” ó ní, “mi ò ní kí ẹ tà á. Mo mọ ohun tó jẹ́ fún yín, èmi náà sì bímọ nínú wàhálà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má fi ẹ̀mí mi sínú rẹ̀ mọ́.”

“Ìyá Ìbejì, mo gbọ́,” ni ọkọ rẹ̀ wí. Kò fi kún un.

Ó ti pẹ́ tí ọ̀kan nínú àwọn ìbejì náà, tí ń gbé ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ti ń sọ pé òun fẹ́ ra ọkọ̀ fún wọn. Olùkọ́ náà kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ náà pẹ́ lórí fóònù. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn, òun fúnra rẹ̀ ni ó pe ọmọ náà. Kò ju oṣù méjì lọ tí tòkunbọ̀ kan fi wọ àgbàlá, ọkọ̀ aláwọ̀ eérú tí kò ní ìtàn kankan. Ìyá ni ó ni ín. Ẹ̀rí wà pé olùkọ́ náà ń tọ́jú rẹ̀ dáadáa, ó ń wo ọ́ìlì rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ méjìméjì, ṣùgbọ́n kò tíì kọ orúkọ rẹ̀ sínú ìwé kankan.

Ìjàpá ńkọ́? Wọ́n wá ìdí tí kò fi dáhùn lóru ọjọ́ náà, ohun tí wọ́n rí sì burú ju ohun tí wọ́n ń wá lọ. Abẹ́ àga ẹ̀yìn ni bátìrì Ìjàpá máa ń wà. Omi kíkan inú bátìrì ti ń kán sí páànù ìsàlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láti ọdún gbọọrọ, òjò tí ń gba etí ilẹ̀kùn wọlé sì ń bá a ṣiṣẹ́ lábẹ́ rọ́bà ẹsẹ̀. Ibi tí wáyà ilẹ̀ bátìrì ti so mọ́ ara ọkọ̀ ti jẹrà. Nígbà tí mẹkáníìkì fi síkúrúdíráfà tẹ páànù náà, irin náà gbà á láàyè bí ẹni tẹ búrẹ́dì. Ẹni tí ó jókòó sẹ́yìn nínú ọkọ̀ yẹn, páànù tí kò nípọn ju bébà lọ ni ó wà láàárín òun àti ọ̀dà títì.

Wẹ́dà wá wò ó. Iye tí ó pè láti gé páànù méjèèjì kúrò, kí ó sì fi tuntun jó o, tó owó ìfẹ̀yìntì olùkọ́ náà ti oṣù mẹ́ta. Ní ọ̀sẹ̀ yẹn kan náà ni onírin àlòkù kan kan ilẹ̀kùn. Kò sí ẹni tí ó mọ bí irú wọn ṣe ń gbọ́. Ó yí ọkọ̀ náà po lẹ́ẹ̀kan, ó sì dá owó lé e, owó tí kò kéré.

“Bàbá, ẹ jẹ́ kí n bá yín gbé e kúrò ńlẹ̀. Ìsàlẹ̀ rẹ̀ ti lọ.”

“O ṣeun, ọmọ mi. Ìsàlẹ̀ tèmi náà ti ń lọ. Wọn ò tíì gbé mi kúrò.”

Onírin náà rẹ́rìn-ín, ó fi nọ́ńbà rẹ̀ sílẹ̀, ó sì lọ. Olùkọ́ náà kò ju nọ́ńbà náà nù. Ó há a mọ́ ìwé búlúù, ó sì wà níbẹ̀ fún ọjọ́ mọ́kànlá kí ó tó ránṣẹ́ sí wẹ́dà pé kí ó bẹ̀rẹ̀.

Kì í ṣe owó nìkan ni ó ń rò ní ọjọ́ mọ́kànlá náà. Mẹkáníìkì tí ó ń tọ́jú Ìjàpá yìí láti ọdún 1984 ti dàgbà. Ojú rẹ̀ ń ṣú. Ó kọ́ṣẹ́ nígbà tí Volkswagen pọ̀ ní Ìbàdàn bí ewéko, ó sì kọ́ ọmọ iṣẹ́ tí ó lé ní ogún. Gbogbo wọn ni ó ti lọ sórí ọkọ̀ Jàpáànù, àwọn tí ó ríjẹ jù nínú wọn ni àwọn tí ó ra ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń kì bọ ọkọ̀ lábẹ́ kí ó lè sọ ohun tí ń ṣe é. A kò lè bá wọn wí. Kò sí ibi tí wọn yóò ki ẹ̀rọ náà bọ lára Ìjàpá. Etí ni ẹ̀rọ tirẹ̀, àti ọwọ́. Kí ni ènìyàn yóò fi páànù tuntun ṣe lábẹ́ ọkọ̀ tí kò ní sí ẹni tí yóò wọn fáàfù rẹ̀ ní ọdún mẹ́ta sí i?

Ọmọ-ọmọ rẹ̀ obìnrin kan wà, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ọmọ ìbejì tí ó wà ní Ìbàdàn. Ó ti ṣe ìdánwò àṣewọ yunifásítì, ó sì ń dúró de èsì. Ìsinmi ni ó wá lò, kì í ṣe iṣẹ́ mẹkáníìkì ni ó wá kọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan tí mẹkáníìkì àgbà náà wá láti wọn fáàfù kí wọ́n tó gbé ọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ wẹ́dà, ó dùbúlẹ̀ lẹ́yìn ọkọ̀, ó ki irin pẹlẹbẹ tín-ínrín tí wọ́n fi ń wọn àlàfo náà bọ̀ ọ́, ó sì tún fà á jáde.

“Tíṣà,” ó ní, “ojú mi ò rí nọ́ńbà ara irin yìí mọ́. Ẹ bá mi wò ó, ṣé mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ni mo mú?”

Olùkọ́ náà wọ awò ojú rẹ̀, ó bọ́ ọ, ó tún un wọ̀. Òun náà kò rí i. Ọmọbìnrin náà, tí ó gbé tíì wá fún wọn, ni ó tẹ̀ síwájú tí ó kà á.

“Ogún ni, Bàbá.”

Àwọn àgbà méjèèjì wo ara wọn. Mẹkáníìkì náà ní kí ó jókòó. Ó ní kí ó mú èyí tí ó jẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí ó tì í wọlé, kí ó má fi agbára sí i. Ó ní yóò mọ̀ ọ́n lára: kò gbọdọ̀ lọ fàlàlà, kò sì gbọdọ̀ há. Ó ní bí ìgbà tí wọ́n ń fa òwú jáde nínú aṣọ ni. Sílíńdà kìíní gbà tó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Ọmọ náà tú u, ó tún un dè, àlàfo náà tún sún kúrò, nítorí pé bí wọ́n bá ń de nọ́ọ̀tì rẹ̀, ó máa ń fa síkúrúù mọ́ra díẹ̀. Kò sí ẹni tí ó bá a kánjú. Wọ́n yí ẹ́ńjìnnì náà sẹ́yìn láti bọ́ sí èkejì, lẹ́yìn náà ẹ̀kẹta, èyí tí ó máa ń gbóná jù. Mẹkáníìkì náà fi ìka tirẹ̀ tẹ̀lé ìka ọmọ náà ní gbogbo ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń fa irin náà díẹ̀ láti fi ọwọ́ gbọ́ ohun tí ojú kò rí. Ní ẹ̀ẹ̀kerin, kò fi ọwọ́ kàn án mọ́. Ó kàn béèrè pé, “Ṣé ó há, àbí ó lọ?” Ọmọ náà ní, “Ó fà díẹ̀.” Ó ní, “Dè é.”

Nígbà tí wọ́n fa ọkọ̀ náà ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ń pariwo díẹ̀ lápá òsì. Mẹkáníìkì náà tẹ́tí sí i títí, ó ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀.

Olùkọ́ náà kọ ọ́ sínú ìwé búlúù: ọjọ́, fáàfù mẹ́jọ, 0.15. Ní ibi tí ó ti máa ń kọ orúkọ ẹni tí ó ṣe é, ó kọ orúkọ méjì. Wẹ́dà ti parí páànù apá ọ̀tún láti ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá, ó sì ti fi ọ̀dà kùn ún. Apá òsì ni ó kù. Wọ́n ní kí ó padà wá wò ó ní ọjọ́ Ìṣẹ́gun, bí iná mànàmáná bá wà, nítorí pé epo tí jẹnẹrétọ̀ ń mu láti jó irin kò sí nínú owó tí wọ́n jọ ṣe àdéhùn lé lórí.